Bí Ọdẹ́rìndé Ṣe Tọ Ipasẹ̀ Àwẹ̀ró Nílé Oníṣègùn Ará Ṣáínà

Ẹ sún mọ́ tòsí, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ń pẹ́ bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ húkọ́, kó hú u tán báyìí. Bí Ọdẹ́rìndé ọdẹ ṣe máa ń ṣí ẹnu ìtàn nìyẹn ní Ìdí-Ìyeyè, ní ìrọ̀lẹ́ tí iṣẹ́ oko bá ti tán tí oòrùn ṣì wà lórí òrùlé. Igi ìyeyè ńlá kan wà níwájú ilé rẹ̀ nígbà náà, àwọn gbòǹgbò rẹ̀ yọ síta bí àga, orí èyí tó ga jù nínú wọn sì ni ọdẹ náà máa ń jókòó sí. Òórùn èso ìyeyè tó ti rọ̀ jù, tó ń já bọ́ sínú eruku, kì í kúrò nímú ẹni tó bá ti jókòó níbẹ̀ rí, bó ti wù kó jìnnà tó lónìí.

Àkànó ẹlẹ́mu, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ló máa ń jókòó kọjú sí i pẹ̀lú akèrègbè rẹ̀, iṣẹ́ tó sì yàn fún ara rẹ̀ ni láti má gba ohunkóhun gbọ́.

Ìrọ̀lẹ́ tí à ń wí yìí, èrò pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọdẹ́rìndé ti dé láti ìrìn-àjò tó mú un kúrò nílé fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti dé, ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣí. Èéfín ń jáde lẹ́yìnkùlé, òórùn àjèjì ń bá èéfín jáde, kò sì sẹ́ni tó tíì rí Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ níta.

"Ọdẹ," ni Àkànó wí, "báwo ni Àwẹ̀ró?"

"Ohun tí mo jókòó láti sọ nìyẹn."

"Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ni mo béèrè. Ó yá àbí kò yá?"

"Bí mo bá fún ọ ní ọ̀rọ̀ ẹyọ kan, wàá gbé akèrègbè rẹ, wàá máa lọ. Jókòó. Ẹsẹ̀ ni mo fi rin ìrìn náà. Etí lásán ni ìwọ fẹ́ fi rìn ín, ó sì ti ń rẹ̀ ọ́."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọdẹ́rìndé gbé ìbọn rẹ̀ lé itan, ó bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo Ìdí-Ìyeyè ló mọ Àwẹ̀ró kí àìsàn tó dé. Ẹní ló ń hun, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ ra ẹní kí òun alára tó yọ. Ṣùgbọ́n ọdún kan dé tí gbogbo afẹ́fẹ́ tó bá ti ń kọjá lọ ń yà kí i. Bí ẹnì kan bá sín ní ìpẹ̀kun abúlé, Àwẹ̀ró ni yóò dùbúlẹ̀ fún un. Ibà kan kò tíì di ẹrù rẹ̀ tán tí òtútù mìíràn yóò ti máa kan ilẹ̀kùn. Oúnjẹ pẹ̀lú, ó ń jẹ, kò hàn. Iyán wọlé, iyán sọnù, bí omi tí wọ́n dà sórí yanrìn. Apá tó fi ń hun ẹní wá tín-ín-rín bí koríko tó ń hun.

Ọdẹ́rìndé kì í ṣe ẹni tó ń káwọ́ gbera. Ó se àgbo. Nígbà tí ìyẹn kò ṣiṣẹ́, ó se èyí tó korò jù ú lọ. Nígbà tí ìyẹn náà kò ṣiṣẹ́, ó se èyí tó jẹ́ pé ewúrẹ́ tó ń kọjá lẹ́yìnkùlé gbóòórùn rẹ̀, ó yà gba ọ̀nà mìíràn. Bí agbára àgbo ti ń pọ̀ sí i ni agbára Àwẹ̀ró ń dín kù. Lọ́jọ́ kan ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú àwa méjèèjì lẹ fẹ́ pa, èmi ni àbí àìsàn?" Ó fẹ́ fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ni. Kò rí okun láti rẹ́rìn-ín rẹ̀ parí.

"Ibẹ̀ ni mo ti dìde," ni Ọdẹ́rìndé wí fún àwọn tó yí i ká. "Mo gbé ìbọn, mo gbé àpò ọdẹ baba mi kọ́ èjìká, mo wọ igbó. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí mo bá ti wọ igbó, igbó ló máa ń bẹ̀rù."

"Igbó wo?" ni Àkànó béèrè. "Èyí tó o sọnù sí tí ìyá mi lọ fi ọwọ́ mú ọ jáde?"

"Igbó mìíràn ni."

Nínú igbó mìíràn yìí, àwọn igi a máa sún fún ẹni tó bá kí wọn, wọn a sì máa dí ẹni tí kò bá kí wọn lọ́nà. Ọdẹ́rìndé kí igi títí ohùn rẹ̀ fi há, kó tó rí ẹtu àgbà kan tó dúró lábẹ́ ọ̀pẹ. Ó gbé ìbọn sójú. Ẹtu kò sá. Ó na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan síta, wọ́n fi ewé dì í, òórùn ata ilẹ̀ àti ti igi aládùn kan sì ń ti ibẹ̀ jáde.

"Ọdẹ," ni ẹtu wí, "bó o bá yìn ín, ọbẹ̀ ọjọ́ kan ni. Bó o bá sọ ọ́ kalẹ̀, màá sọ fún ọ ibi tí wọ́n ti wo ẹsẹ̀ yìí. Ìwọ lo yìnbọn bà á."

"Irọ́ ni. Ẹran tí mo bá yìnbọn sí kì í dúró rojọ́."

"Ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn mi lo pa. Èmi, o kàn kí mi ni."

Ojú ti Ọdẹ́rìndé, ó sọ ìbọn kalẹ̀. Ẹtu wá sọ fún un pé lẹ́yìn igbó náà, ìlú kan wà tí àwọn ará Ṣáínà tẹ̀ dó sí, àwọn tó ń fi gbòǹgbò, èèpo àti èso gbígbẹ wo ara bí àwọn baba wọn ti ń ṣe. Ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Súlán ni olórí wọn. "Kì í wo àìsàn," ni ẹtu wí, "aláìsàn ló ń wò. Ṣùgbọ́n ìlú méjì wà lọ́nà tó o gbọ́dọ̀ gbà kọjá, agbéraga kì í sì í gbádùn níbẹ̀."

"Ìyẹn ò kàn mí," ni Ọdẹ́rìndé dáhùn. "Kò sí onírẹ̀lẹ̀ tó tó mi nínú gbogbo ọdẹ."

Ìlú kìíní ń jẹ́ Òògbé. Odi rẹ̀ ga, àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nubodè pọ̀ lọ bí ewé, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń sùn. Ọ̀kan fi asà ṣe ìrọ̀rí. Olè ń gba ààrin àwọn ẹ̀ṣọ́ wọlé, olè sì ń kí wọn pé ẹ kú oorun. Ikán, eṣinṣin, ìdin, gbogbo wọn ló ti gba yàrá nílùú náà. Àwọn ará ìlú rù kan egungun, wọ́n ń wúkọ́, wọ́n sì ń bá olè jẹun nínú abọ́ kan náà nítorí wọn kò lókun láti lé e.

Ọdẹ́rìndé yìnbọn sókè. Àwọn ẹ̀ṣọ́ fò dìde, wọ́n mú ọ̀kọ̀, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n sì tún dùbúlẹ̀. Ó tún yìn ín, àwọn díẹ̀ ṣí ojú kan. Ó tún yìn ín, ọ̀kan nínú wọn ní kí wọ́n bá òun ti ilẹ̀kùn nítorí ariwo.

Obìnrin kan jókòó sí ààrin ìlú, níbi ààrò ńlá tí wọ́n ti ń dáná fún gbogbo èèyàn. "Bàbá ọdẹ," ó ní, "etí wọn lò ń yìnbọn sí. Ikùn wọn ló ń sùn. Mo fẹ́ bi ọ́ léèrè: kí ló ń jẹun lójoojúmọ́ tí ebi ò yé pa?"

"Àkànó ẹlẹ́mu," ni Ọdẹ́rìndé dáhùn kíá.

(Níbí yìí, Àkànó gbé akèrègbè kúrò lẹ́nu. "Ìwọ lo fi mí síbẹ̀," ó ní. Ọdẹ́rìndé ní ohun tó ṣẹlẹ̀ lòun ń sọ.)

"Rárá," ni obìnrin náà wí. "Ìlú tí ààrò rẹ̀ ń kú lọ ni." Ó fi hàn án. Oúnjẹ kún orí ààrò ní tútù, iná ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ju ojú ológbò lọ. Àwọn tó fẹ́ kó jó ti kó igi ńlá lé e lórí títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sábẹ́ igi. Ọdẹ́rìndé ti ń wọ́ ìtì ọ̀pẹ odindi kan bọ̀ láti fi kún un nígbà tí obìnrin náà dá a dúró. Ó kó igi ńlá kúrò, ó ju èèpo ọsàn gbígbẹ díẹ̀ sínú iná, ó fẹ́ ẹ jẹ́jẹ́. Ahọ́n iná kékeré kan yọ. Ẹ̀ṣọ́ tó sún mọ́ tòsí jù yí ara padà, ó béèrè pé kí ni wọ́n ń sè.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí mo wí?" ni obìnrin náà béèrè.

Ọdẹ́rìndé ní òun gbọ́. Kò gbọ́. Ojú ọ̀nà ló ń wò.

Ìlú kejì ń jẹ́ Gbónára. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tibẹ̀ kì í sùn rárá. Àlejò kan ló fún wọn ní oògùn agbára nígbà kan kí ojú wọn lè dá, ojú náà sì dá títí wọn kò fi mọ onílé mọ́. Wọ́n ń na afẹ́fẹ́, wọ́n ń na adìyẹ, wọ́n na ọba ìlú nígbà tó jáde lọ tọ̀. Àwọn ará ìlú ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn nínú ilé ara wọn, ara gbogbo wọn sì wú, ó ń gbóná.

"Ta nìyẹn?" ni olórí ẹ̀ṣọ́ béèrè.

Ọdẹ́rìndé gbé àyà síwájú. "Èmi Ọdẹ́rìndé, Ẹ̀rù-ba-Igbó, Baba Ẹkùn, Akọ Òjò tí í lé ẹran wọlé, ọkọ Àwẹ̀ró."

Olórí ẹ̀ṣọ́ kọjú sí àwọn yòókù. "Wọ́n pọ̀," ó ní. "Ẹ má fi ọ̀kan sílẹ̀."

Ọdẹ́rìndé sọ fún àwọn ará Ìdí-Ìyeyè pé òun na ẹ̀ṣọ́ mẹ́fà kí wọ́n tó rí òun mú. Àkànó ní kó dín in kù. Ọdẹ́rìndé ní bí òun bá fẹ́ sọ òótọ́ gan-an, ńṣe lòun ì bá fi kún un. Ohun tó dájú ni pé wọ́n kọ́kọ́ na Ẹ̀rù-ba-Igbó, lẹ́yìn náà wọ́n na Baba Ẹkùn, Akọ Òjò ló sì jìyà jù, nítorí òun ni orúkọ rẹ̀ gùn jù. Nígbà tí wọ́n nà wọ́n tán, ọdẹ náà wà nínú eruku.

"Ta ló kù?" ni olórí ẹ̀ṣọ́ béèrè.

"Ọkọ Àwẹ̀ró."

"Òun nìkan?"

"Òun nìkan ni."

Ẹ̀ṣọ́ náà wò ó fún ìgbà díẹ̀. "Ìyẹn ò bani lẹ́rù," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó kọjá."

Ó dé ìlú àwọn ará Ṣáínà pẹ̀lú orúkọ kan ṣoṣo. Gbòǹgbò kan ló ń ṣọ́ ẹnubodè ibẹ̀, kò ju apá ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n ó ní ọwọ́, ó ní ẹsẹ̀, irùngbọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lágbọ̀n rẹ̀. Ọdẹ́rìndé rí irùngbọ̀n, ó dọ̀bálẹ̀.

"Dìde," ni gbòǹgbò náà wí. "Ẹni tí wọ́n ń sè ni mí. Ìyá wà nínú ilé."

Ìyá Súlán kéré, ó gbẹ, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ògiri ilé rẹ̀ kún láti òkè délẹ̀ fún àpótí kéékèèké, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òórùn tirẹ̀. Ó ń sọ Yorùbá bí ẹni tó kọ́ ọ lẹ́nu ẹyẹ, ohùn rẹ̀ ń ròkè níbi tí ti ẹlòmíràn ti ń sọ̀ kalẹ̀. Kò bi ọdẹ ní orúkọ.

"Yọ ahọ́n rẹ síta," ó ní.

Ọdẹ́rìndé fà sẹ́yìn. "Ìyá, ẹ dákun. Wọ́n tọ́ mi nílé. N kì í yọ ahọ́n sí àgbàlagbà."

"Bí mi ò bá rí i, mi ò lè mọ ohun tó wà nínú rẹ."

"Ẹ jẹ́ kí n kọjú sí ògiri, kí n yọ ọ́ síbẹ̀."

"Ògiri kì í ṣe oníṣègùn."

Ọdẹ́rìndé rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Nígbà tó yá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fi àyà kan ilẹ̀, láti ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí ló sì ti yọ ahọ́n tìtìjú-tìtìjú. Ìyá Súlán ní láti kúnlẹ̀ kó tó rí i. Ó wò ó, ó tún fi ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ níbi tí iṣan ti ń lu, ó sì tẹ́tí bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti yàrá kejì.

"Ara rẹ le bíi ti màlúù," ó ní. "Kí lo wá ṣe?"

"Ìyàwó mi ni kò yá."

"Níbo ló wà?"

"Ó wà nílé."

"O fi ahọ́n tó ń ṣàìsàn sílẹ̀, o gbé èyí tó ń fọ́nnu wá fún mi."

"Ìyá, ẹ ṣáà fún mi ní èyí tó le jù nínú àpótí yín."

Ìyá Súlán jókòó. "O ò gba Òògbé kọjá ni? O ò gba Gbónára? Ìlú wọ̀nyẹn wà nínú ara gbogbo wa. Ẹ̀ṣọ́ wà nínú ara, àwọn ló ń lé àìsàn. Ààrò wà nínú ikùn, òun ló ń sọ oúnjẹ di okun, nínú okun yẹn sì ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń jẹ. Bí mo bá fún ẹni tí ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ń bínú ní gbòǹgbò tó ń jí ẹ̀ṣọ́, wọ́n á kọjú sí onílé. Bí mo bá fi ata ilẹ̀ fún ẹni tí iná inú rẹ̀ ti ń jó kọjá ààlà, mo dáná sunlé nìyẹn. Ìlú wo ni ìyàwó rẹ?"

Ọdẹ́rìndé ń wo àwọn àpótí ara ògiri.

"Láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbóná àbí ó máa ń tutù? Omi wo ló ń fẹ́? Ahọ́n rẹ̀ pupa àbí ó funfun? Ṣé ó máa ń làágùn láìṣiṣẹ́?"

"Ó máa ń hun ẹní," ni Ọdẹ́rìndé wí.

"Kí ni ìwọ alára wá mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ yìí dun ọdẹ náà. "Bí mo bá rí ipasẹ̀ ẹtu lórí ẹrẹ̀, mo mọ̀ bóyá akọ ni. Mo mọ̀ bóyá ó lóyún, bóyá ebi ń pa á, bóyá ẹ̀rù ń bà á."

"Ẹtu ò fún ọ lómi rí," ni ìyá àgbà náà wí. "Lọ jókòó síbi ògiri yẹn. Tọ ipasẹ̀ ìyàwó rẹ. Bó o bá rí i, padà wá bá mi. Bí o ò bá rí i, ọwọ́ lásán ni wàá gbé lọ, nítorí ó lè jẹ́ ikú ni màá dì fún ọ."

Ọdẹ́rìndé lọ jókòó, ó dijú. Ó ti tọ ipasẹ̀ ẹfọ̀n kọjá odò, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò bà á tó báyìí rí. Ó ń wá ibi tí ipasẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kò rí nǹkan kan, àfi eruku ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀, tó ń jáde nílé lọ sígbó, tó ń ti igbó wọlé. Ó tẹjú mọ́ ọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ipasẹ̀ tirẹ̀ ló ti rí ti Àwẹ̀ró, ó kéré, kò jìn.

Ó rí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí gbogbo ènìyàn ń wá afẹ́fẹ́, tí Àwẹ̀ró ń fa aṣọ òtútù ọdẹ bo ara rẹ̀. Ó rí igbá omi tí Àwẹ̀ró ń gbé fún òun láàárọ̀, ìka rẹ̀ sì kan ọwọ́ òun, ó tutù ju igbá lọ. Ó rí i tó gbé iṣẹ́ ẹní kúrò lábẹ́ igi bọ́ sínú oòrùn, òun sì kọjá, òun ní kó má jẹ́ kí oòrùn pa á. Ó rí i tó ń fi ẹ̀kọ gbígbóná rọ́pò iyán ní ìgbà mẹ́ta nínú mẹ́rin, tó ń fi ọwọ́ ti ikùn lẹ́yìn oúnjẹ, tí oorun ń gbé e lórí ìjókòó. Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀ nígbà tó kàn ká ẹní lásán. Ó sì rí i tó fi koríko sẹ́nu, bí àwọn ahunní ti máa ń ṣe láti fi itọ́ mú koríko rọ̀. Ahọ́n rẹ̀ yọ fìrí. Ó funfun bí ẹ̀kọ tútù, àpá eyín sì wà létí rẹ̀ yí ká.

Gbogbo rẹ̀ ni ojú ọdẹ ti rí nígbà tó ń ṣẹlẹ̀. Kò kàn dúró wò ó ni.

Nígbà tó ṣí ojú, ojú náà rin fún omijé. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Súlán, kò fi ọ̀kankan fọ́nnu.

"Òògbé ni," ni ìyá àgbà náà wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àpótí. "Nínú ìkòkò wa, oyè wà. Gbòǹgbò abirùngbọ̀n yìí ni ọba, òun ló ń dá okun padà. Èyí tó gùn, tó pọ́n rúsúrúsú yìí ni ìjòyè, òun ló ń pe àwọn ẹ̀ṣọ́ jọ, tó ń dúró tì wọ́n lẹ́nubodè. Èèpo ọsàn gbígbẹ àti ata ilẹ̀ díẹ̀ ni olùrànlọ́wọ́, ibi ààrò ni iṣẹ́ wọn wà. Èso pupa tó jọ dàbínù yìí ń bá wọn ṣe é. Igi aládùn yìí ni ìránṣẹ́, òun ló ń ṣe onílàjà kí wọ́n má bàa jà nínú ìkòkò. Ìkòkò amọ̀ ni kó o fi sè é, má ṣe fi ti irin. Iná jẹ́jẹ́. Fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀ láràárọ̀. Bí iṣan bá ń sáré, tí ara bá ń gbóná, dá a dúró. Ohun tí mo fún ọ yóò tó ọ títí àgbàdo yóò fi gbó. Má fi ohunkóhun kún un."

"Mo ti gbọ́, Ìyá."

"Ó dá mi lójú pé o ò gbọ́," ni Ìyá Súlán wí, ó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ àṣà ọdẹ Ìdí-Ìyeyè. Kò sí èyí nínú wọn tó máa ń gbé oògùn ẹlòmíràn wọlé láìfi ọwọ́ tirẹ̀ kún un. Lójú wọn, oògùn tí wọn kò fi nǹkan kún ṣì jẹ́ àlejò. Èèpo igi dúdú kan wà nínú àpò ọdẹ, baba Ọdẹ́rìndé ló fi sílẹ̀ fún un, òun ló sì máa ń jẹ bí yóò bá lé ẹran láti òwúrọ̀ dalẹ́. Nígbà tó dé etí odò kan, èrò yìí wọ inú rẹ̀: bí oògùn ìyá yẹn bá dára báyìí, báwo ni yóò ti dára tó pẹ̀lú èèpo baba òun? Ó tú èyí tó tóbi jù nínú àwọn ìdì tí Ìyá Súlán dì fún un, ó sè é, ó bu èèpo dúdú sí i. Ìwọ̀nba ọgbọ́n tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ ni pé ó ní kí òun kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Ooru gbéra láti gìgísẹ̀ rẹ̀. Àyà rẹ̀ ń sáré bíi ti ẹtu tí ajá ń lé. Ara ń yún un bí ẹni tó sùn sínú wèrèpè. Ó jẹ gbogbo ẹran gbígbẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jẹ ewé tó fi dì í, ebi tún ń pa á. Igi kan wò ó lójú, ó bá igi náà jà. Ariwo ìjà yìí dé Gbónára, àwọn ẹ̀ṣọ́ rọ́ wá pẹ̀lú ọ̀kọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí ojú rẹ̀, wọ́n sọ ọ̀kọ̀ kalẹ̀, wọ́n dì mọ́ ọn.

"Ará wa ni," ni olórí wọn wí. Wọ́n fẹ́ fi í joyè. Nígbà tí ara rẹ̀ rọlẹ̀, tó ní òun fẹ́ máa lọ, ọ̀kan nínú wọn sunkún.

Ọdẹ́rìndé padà jókòó sétí odò. Èmi tí ara mi le bíi ti màlúù ló ṣe báyìí fún, ó wí nínú ara rẹ̀. Ó rántí apá Àwẹ̀ró. Ó yọ èèpo baba rẹ̀ kúrò nínú àpò, ó mú un lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́, ó sì jù ú sómi. Ẹja kan gbé e mì, ó fò jáde lódò, ó sá gun òkè.

"Ẹja," ni Àkànó wí.

"Ẹja ni mo wí."

Ó délé, ó bá Àwẹ̀ró láàyè. Ohun tó kù lára rẹ̀ kò pọ̀. Ọdẹ́rìndé kò kí i, kò bọ́ àpò kúrò léjìká, ó kúnlẹ̀ síbi ẹní. "Àwẹ̀ró, yọ ahọ́n rẹ kí n wò ó."

Àwẹ̀ró wò ó. "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ọ̀nà dé, ẹ ò kí mi, ahọ́n lẹ ń béèrè. Ọkọ mi, kí ni wọ́n fún yín jẹ? Mi ò lè yọ ahọ́n sí yín."

"Ó dáa, èmi ni màá kọ́kọ́ yọ tèmi."

Ó yọ ọ́. Àwẹ̀ró ronú lé e, ó yọ tirẹ̀ pẹ̀lú. Báyìí ni àwọn méjèèjì wà, tí wọ́n ń yọ ahọ́n sí ara wọn, nígbà tí ìyá Àkànó yọjú lójú fèrèsé láti bá wọn ṣe ẹ kú àbọ̀.

"Ìyá mi sọ ọ́," ni Àkànó wí. "Ó ní ẹ ti ya wèrè. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi wá kí yín."

Ìkòkò amọ̀ gun orí iná. Ọdẹ́rìndé kò sọ pé Àwẹ̀ró mu ún lẹ́ẹ̀kan tó fò dìde. Ọjọ́ ń lọ, nǹkan ò yí padà. Ó wù ú kó ṣe é ní ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n dípò bẹ́ẹ̀, ó ń fi ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó ń gbọ́. Nígbà tó yá, ọwọ́ tó ń gbé igbá kò tutù mọ́ tó ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tó tún yá, Àwẹ̀ró dárúkọ oúnjẹ tó fẹ́ jẹ. Ibẹ̀ ni oògùn ti tán, tí àgbàdo kò tíì gbó, nítorí ìdì tó tóbi jù ti lọ sétí odò. Ọdẹ́rìndé gbé ìbọn kọ́, kò lọ sígbó mọ́. Ó ń se ẹ̀kọ gbígbóná, ó ń se ẹja lọ́mi, ó ń da aṣọ òtútù bò ó, ó ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láràárọ̀ nínú yàrá, ó sì ń gbàdúrà pé kí iná kékeré yẹn ti ràn ná.

Ibẹ̀ ló dá ìtàn dúró sí. Èso ìyeyè kan já bọ́.

"Ọdẹ," ni Àkànó wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, "ó yá àbí kò yá?"

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ ti inú ilé jáde. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Àwẹ̀ró alára tó yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó rọra ń rìn, apá rẹ̀ ṣì tín-ín-rín, ẹní tuntun kan wà lábíyá rẹ̀. Ó tẹ́ ẹní náà sídìí igi, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó fa ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ náà.

"Mo ń gbọ́ yín láti inú ilé," ó ní. "Ẹ tún ibi ẹ̀ṣọ́ yẹn sọ."

"Mo na ẹ̀ṣọ́ mẹ́fà."

"Ó ń sáré," ni Àwẹ̀ró wí fún àwọn èrò.

"Mẹ́ta."

"Ó ṣì ń sáré."

"Ọ̀kan. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òkúta ló gbé e ṣubú."

"Ó ti ń rọlẹ̀ díẹ̀."

Àkànó ń rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ẹmu fi dà sí i lára. Àwẹ̀ró kò tíì yọ ìka rẹ̀. "Ẹ wá tún ti ibi ògiri yẹn sọ," ó ní.

Ọdẹ́rìndé wo ilẹ̀. "Mo jókòó síbi ògiri," ó ní. "Mo ń tọ ipasẹ̀ rẹ. Mo rí i pé o ti ń sọ fún mi láti ọjọ́ pípẹ́, mo kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ kọjá lọ sígbó ni."

Gbogbo Ìdí-Ìyeyè wà níbẹ̀, wọ́n ń dúró de ìka mẹ́ta yẹn. Àkànó na ọrùn.

"Àwẹ̀ró, ṣé ó sáré?"

"Kò sáré," ó ní, kò sì yọ ọwọ́ rẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lórí òrùlé, tí olúkúlùkù fi dìde, tó gbọn eruku ìyeyè kúrò láṣọ, tó gba ilé lọ.